Ata tútù, ẹ̀wà tó lu àti fíríìsà tí kò níná: ìdáhùn fún ìyá kan n'Íkòròdú

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé nítorí àrùn Kòrónà lọ́dún 2020, mo sáré lọ sọ́jà. Mo ra tòmátò apẹ̀rẹ̀ kan, ata rodo, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ìdì mẹ́wàá, iṣu mẹ́wàá, ẹ̀wà kóńgò méje, ẹja yíyan àti búrẹ́dì mẹ́fà. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti dé ààtàn. Ẹ̀wà tó mọ́ nini nígbà tí mo rà á wá di ihò ihò nígbà tó yá. Ohun tí àárò rẹ̀ sọ wá jù ni ọbẹ̀ ata tútù, torí ẹni tó ń bá wa lọ ata ládùúgbò kò ṣí. Bàálé mi ní ká ra fíríìsà ńlá kí irú ẹ̀ má bàa tún ká wa mọ́lé. Ṣé ọ̀nà àbáyọ nìyẹn? Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, Ìkòròdú.”

Ìyá wa, ẹ kú ìbéèrè. Ọ̀rọ̀ méjì ni ẹ dì pọ̀, ó sì yẹ ká tú wọn. Èkíní ni pé oúnjẹ bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Èkejì ni pé àárò ata tútù sọ yín. Fíríìsà lè ṣe díẹ̀ lórí èkíní. Lórí èkejì, ohun tó lè ṣe kò tó bí bàálé yín ṣe rò. Kí wọ́n tó lọ kó owó lé e, ẹ jẹ́ ká wo ẹrù yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, torí pé ohun tó ba tòmátò jẹ́ kọ́ ló ba ẹ̀wà jẹ́, ohun tó ba ẹ̀wà jẹ́ kọ́ ló sì ba ẹja jẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ rántí bí ọjọ́ ṣe lọ. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú, 29 oṣù Kẹta, ni Ààrẹ Buhari sọ̀rọ̀. Aago 11 alẹ́ ọjọ́ Ajé, 30 oṣù Kẹta, ni òfin bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Ọjọ́ 14 ni wọ́n dá. Nígbà tó di 13 oṣù Kẹrin, wọ́n fi ọjọ́ 14 mìíràn lé e, ó sì di ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ 35 gbáko. Ẹni tó lọ sọ́jà lọ́jọ́ Ajé yẹn kò mọ iye ọjọ́ tó ń ra nǹkan dè. Ohun tí ọ̀pọ̀ ṣe ni pé wọ́n ra ọjà tí wọ́n máa ń rà ní Sátidé, wọ́n wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ọjà Sátidé wa, oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ni: tòmátò tó ti pọ́n, ẹ̀fọ́ tí wọ́n já láàárọ̀, ẹja tó ṣì rọ̀, búrẹ́dì tó ṣì gbóná. Bí ẹ bá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, kì í di oúnjẹ ọjọ́ méjìlá. Oúnjẹ ọjọ́ mẹ́rin tó pọ̀ jù ló máa ń dà.

Omi ni gbogbo ẹjọ́. Nínú 100 gíráàmù tòmátò, bíi 94 ló jẹ́ omi. Tẹ̀tẹ̀ kò jìnnà sí i. Nínú ẹ̀wà gbígbẹ, omi kì í sábà ju 12 lọ. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń mú nǹkan rà tàbí bu, inú omi ni wọ́n ti ń rí ayé jẹ. Nítorí náà, ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti mú kí oúnjẹ pẹ́ nílé: ká fa omi inú rẹ̀ gbẹ, ká fi òtútù dí kòkòrò lọ́wọ́, tàbí ká jẹ́ kí nǹkan náà wà nínú ilẹ̀, kó máa dàgbà dè wá. Àwọn ìyá wa àtijọ́ mọ èkíní àti ẹ̀kẹta dunjú. Òrúnlá, ẹ̀lùbọ́, gaàrí, ata gígún, ẹja gbígbẹ, gbogbo wọn kò ju ká fa omi gbẹ lọ. Òtútù ni tiwa, iná ìjọba ni a sì gbé e lé.

Ẹ jẹ́ ká mú tòmátò. Apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń kó o wá láti òkè Ọya sí Mile 12 jìn, wọ́n sì máa ń rọ́ ọ kún. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ti fọ́ kó tó dé Èkó, omi ara rẹ̀ sì ti ń ro sára àwọn yòókù. Bí ẹ bá gbé e délé, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Ẹ dà á sórí páálí kí ẹ ṣà á sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tó ti là tàbí tó ti rọ̀, tí ẹ máa sè lọ́jọ́ náà gan-an, èyí tó pọ́n tó ṣì le, tí ẹ máa lò láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta, àti èyí tó ṣì ní àwọ̀ ewé díẹ̀ lára. Ìkẹta yìí ni ẹ máa tò sórí páálí níbi tí oòrùn kò dé, kí ọ̀kan má gun orí èkejì, kí ibi tí wọ́n ti já a lára igi dojú kọlẹ̀. Ojú ibẹ̀ yẹn ni omi ti ń fà jáde, òun náà sì ni ìbàjẹ́ ń gbà wọlé. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó pọ́n tán. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀. Ọ̀kan tó bá rà láàárín wọn ń kó bá gbogbo ilé. Nínú apẹ̀rẹ̀ kan tí wọ́n rà ní ìparí oṣù Kẹta, èyí tó ṣì ní àwọ̀ ewé kì í pọ̀. Ìdí nìyẹn tí apẹ̀rẹ̀ odidi kò fi dára fún ìdílé kan, àfi bí gáàsì bá wà láti sè é tán lọ́jọ́ kan náà.

Bí ẹ bá máa sè é, ẹ lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ tàtàṣé, rodo àti àlùbọ́sà, kí ẹ gbé e kaná láìfi epo sí i, láìdé ìkòkò. Ẹ máa rò ó títí tó fi máa ki. Bí ìkòkò bá kún níbẹ̀rẹ̀, ó gbọdọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì tàbí kó kéré jù bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fi ṣíbí fa ìlà nídìí ìkòkò, omi kò gbọdọ̀ sáré padà wá bo ìlà náà. Ìgbà yẹn ni ẹ máa da òróró sí i, bíi ife kan sí ife ata mẹ́rin, kí ẹ dín in títí òróró fi máa léfòó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń kánjú níbí: wọ́n rí i pé ata pupa dáadáa, òróró sì ti ń dán lójú rẹ̀, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbà tí omi ṣì wà nísàlẹ̀. Ọjọ́ kejì ló kan. Ẹ fi iyọ̀ àti màgí sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá fẹ́ fi se ọbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó bù ú sínú ike kéékèèké, ìwọ̀n ìkòkò ọbẹ̀ kan sí ike kan. Nínú fíríìjì tó ń tutù dáadáa, á tó ọjọ́ márùn-ún sí ọ̀sẹ̀ kan. Nínú fíríìsà tí kì í yọ́, oṣù mẹ́ta kò ní í ṣe é ní nǹkan. Bí kò bá sí iná rárá, ẹ máa gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́, kó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú 10, kí ṣíbí tí wọ́n ti fi kan ẹnu má sì dé inú rẹ̀. Pẹ̀lú ìyẹn náà, ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Nǹkan kan wà tí àwọn èèyàn ń kọ́ ara wọn tí mo fẹ́ kí ẹ jìnnà sí. Wọ́n á da ata díndín sínú ìgò, wọ́n á fi òróró bò ó lójú, wọ́n á dé e pa, wọ́n á wá gbé e sórí pẹpẹ fún oṣù méjì. Wọ́n ní òróró ń dí afẹ́fẹ́. Òótọ́ ni, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n ń pè ní Clostridium botulinum, ibi tí afẹ́fẹ́ kò sí ló ti ń gbèrú, hóhó lásán lórí iná kì í sì í pa irúgbìn rẹ̀. Kíkan inú tòmátò máa ń dí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tàtàṣé àti rodo kì í kan, bí wọ́n bá sì ti pọ̀ nínú ata, kíkan yẹn ti dín kù. Májèlé tó ń pọ̀ sínú rẹ̀ lè má yí òórùn tàbí àwọ̀ ata padà, ó sì ń rọ iṣan èèyàn, títí kan èyí tí a fi ń mí. Ata díndín tí kò sí nínú fíríìjì tàbí fíríìsà, tí ẹ kò sì gbé kaná, ẹ má jẹ ẹ́.

Ní ti àárò ata tútù tó sọ yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ojú abẹ níkòó. Òórùn tó ń ta èèyàn nímú nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ rodo, epo fẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wà lára èso náà ni, ooru sì ń lé e lọ. Kò sí ata díndín tó máa ní in, bó ti wù kí fíríìsà tóbi tó. Ohun tó sún mọ́ ọn jù ni rodo odidi nínú òtútù: ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi aṣọ nù ún gbẹ tán, ẹ já ìdí rẹ̀, ẹ dà á sínú ọ̀rá, ẹ fún afẹ́fẹ́ jáde kí ẹ tó so ó. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ má dúró kó yọ́. Láti inú òtútù ni kí ẹ ti gbé e sórí ọlọ tàbí sínú ẹ̀rọ ìlọta. Ara rẹ̀ á ti rọ̀, kò ní í ṣeé gé sórí nǹkan bí èyí tó tútù, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ àti títa rẹ̀ á ṣì wà. Bí iná bá jẹ́ ìṣòro, ẹ ra ṣọ̀ǹbọ̀ gbígbẹ, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná fún bí ìṣẹ́jú 30, kí ẹ wá lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ àlùbọ́sà tútù. Àlùbọ́sà ló ń mú kí ọbẹ̀ náà jọ tútù, ó sì ń pẹ́ ju ata lọ fíìfíì bí ẹ kò bá ti dì í sínú ọ̀rá. Apẹ̀rẹ̀ tàbí àpò onihò ni tirẹ̀. Ní ti ẹni tó ń lọ ata tí kò ṣí, ọlọ kan nídìí ilé yanjú ìyẹn. Ọlọ kì í béèrè epo bẹntiróòlù.

Ẹ̀fọ́ ìdì mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má bínú, òun ni àṣìṣe tó tóbi jù nínú ọjà yẹn. Tẹ̀tẹ̀ kì í dúró ju ọjọ́ méjì lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti já a. Bí fíríìsà bá wà, ẹ já ewé rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ bọ̀ ọ́ sínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú méjì péré, ẹ kó o sínú omi tútù lójú ẹsẹ̀, ẹ fún un, ẹ wá di í ní ìṣù ìṣù. Ẹni tí kò bọ̀ ọ́ kó tó gbé e sínú òtútù máa rí i pé ó dúdú, ó sì ní adùn koríko gbígbẹ, nítorí pé òtútù nìkan kì í dá ohun inú ewé tó ń mú un gbó dúró. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ìdílé tó bá ní ibi tí oòrùn ń dé fún wákàtí márùn-ún kò gbọdọ̀ máa to ẹ̀fọ́ jọ rárá. Kó gbìn ín.

Àpò ìrẹsì tó ti ṣófo, ti 50 kìlógíráàmù, tó. Ẹ ká ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ dé ìdajì, ẹ lu ihò bíi mẹ́jọ sí ìdí rẹ̀ kí omi má bàa dúró. Iyẹ̀pẹ̀ dúdú ìwọ̀n méjì, ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà ìwọ̀n kan. Ìgbẹ́ tó ṣì tútù máa jó èéhù, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà tí wọ́n á ní ọwọ́ àwọn kò ṣe é gbin nǹkan. Èso tẹ̀tẹ̀ kéré gan-an, nítorí náà ẹ bu fín-ín-fín, ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ tó kún ọwọ́ kan kí ẹ tó wọ́n ọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ojú kan ló máa dà sí. Ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ bò ó, ẹ máa fi ọwọ́ wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́; bí ẹ bá fi garawa da omi, èso á ṣàn lọ. Èèrà máa ń kó o, ẹ wọ́n eérú yí ìdí àpò ká. Ó máa hù láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ fa èyí tó bá fún mọ́ra wọn jùlọ tu kí ẹ fi se ọbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìyókù ráyè. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ó ti tó já. Ẹ wò ó: ẹni tó wọ́n tẹ̀tẹ̀ ní 30 oṣù Kẹta ọdún náà á ti máa jẹ ẹ́ kí wọ́n tó dẹ òfin ní 4 oṣù Karùn-ún, pàápàá torí pé àsìkò òjò ló bọ́ sí. Ẹfinrin àti ewúro, igi wọn ni ẹ máa gé gún sílẹ̀. Ata rodo ní tirẹ̀ gba tó oṣù mẹ́ta, ìyẹn kì í ṣe ohun tí a ń gbìn nígbà tí wàhálà bá dé. Ẹ gbin ín sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì nísinsìnyí.

Ó kan ẹ̀wà. Ẹ ní ó mọ́ nini nígbà tí ẹ rà á, mo gbà bẹ́ẹ̀. Kòkòrò náà ti wà nínú rẹ̀ láti oko. Ẹ mú ẹyọ ẹ̀wà kan, ẹ gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀: bí ẹ bá rí àmì funfun kan tó dà bí orí abẹ́rẹ́, tó lẹ̀ mọ́ èèpo rẹ̀ tí èékánná kò sì tètè ṣí, ẹyin ni. Ìdin tó jáde láti inú ẹyin yẹn kì í bọ́ síta, inú ẹ̀wà ló máa ń lu wọ̀ tààrà, ibẹ̀ ló sì ti máa jẹun títí á fi di kòkòrò. Nínú ooru tiwa, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀ ń gbà. Ihò tí ẹ rí, ibi tí ó gbà jáde ni, kì í ṣe ibi tó gbà wọlé. Abo kan sì lè yé tó 80 ẹyin, nítorí náà ìran kejì ló ń sọ ẹ̀wà di ìyẹ̀fun. Bí ẹ bá fẹ́ dá a dúró, lọ́jọ́ tí ẹ bá ra ẹ̀wà délé ni.

Ọ̀nà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀ ni oòrùn. Ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀, ẹ tẹ́ ọ̀rá dúdú lé e, ẹ da ẹ̀wà sí i pẹlẹbẹ kó má ga ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ẹ fi ọ̀rá funfun tó mọ́ gaara bò ó, ẹ fi òkúta tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ yíká. Láti bí aago 11 sí aago 3 ọ̀sán ọjọ́ tí oòrùn mú, ooru abẹ́ rẹ̀ lè ju ìwọ̀n 57 Celsius lọ, wákàtí kan nínú ooru yẹn sì tó láti pa ẹyin, ìdin àti kòkòrò pọ̀. Ẹ má sáré dì í nígbà tó ṣì gbóná, yóò làágùn nínú ike, ó sì máa bu. Lẹ́yìn náà, ẹ kó o sínú kẹ́ẹ̀gì tó gbẹ táútáú, kó kún dé ọrùn, kí ẹ máa gbọ̀n ọ́n kó lè rọ́ mọ́ra, kí ẹ wá dé e pinpin. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú kòkòrò máa fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, á sì kú. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i ni afẹ́fẹ́ tuntun ń wọlé, nítorí náà kẹ́ẹ̀gì kéékèèké mẹ́ta sàn ju ńlá kan lọ. Ẹni tó ní fíríìsà lè gbé e sínú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin kó tó dà á sínú kẹ́ẹ̀gì. Òróró ẹ̀pà náà ń ṣiṣẹ́: ṣíbí ìpotíì kan sí kìlógíráàmù kan, kí ẹ fi ọwọ́ pa á títí gbogbo rẹ̀ fi máa dán. Ata gbígbẹ tí wọ́n máa ń jù sáàárín ẹ̀wà? Ó lè lé díẹ̀, kì í pa èyí tó ti wà nínú. Ẹ má gbára lé e.

Òtapiàpià ni kí ẹ má fi ṣe é láé. Àwọn ọlọ́jà kan ń fọ́n dichlorvos, oògùn apakòkòrò tó máa ń wà nínú irú òtapiàpià bẹ́ẹ̀, sí ẹ̀wà, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ Yúróòpù fi fi òfin de ẹ̀wà gbígbẹ wa lọ́dún 2015, NAFDAC náà sì ti fòfin de títa ìgò kéékèèké rẹ̀ lọ́jà ní 2019. Fífọ̀ lásán kì í mú un kúrò tán. Bí ẹ bá ra ẹ̀wà tó ń rùn bí oògùn kòkòrò, tí ẹ kò rí kòkòrò kan ṣoṣo nínú rẹ̀ nígbà tí gbogbo ọjà ń lu, ẹ dá a padà. Ẹ̀wà tó ní ihò méjì mẹ́ta sàn jù ú lọ.

Gaàrí kò le: kó gbẹ, kó wà nínú ike tí ìdérí rẹ̀ mú. Bí ọ̀rinrin bá mú un, ẹ tún un yan nínú ìkòkò gbígbẹ kó tó bu. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìdérí ni eku. Ọdún 2020 tí gbogbo ojú wà lára Kòrónà, ibà Lassa náà ń jà, Oǹdó àti Ẹdó sì wà lára ibi tó ti le jù, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku lára oúnjẹ sì wà lára ohun tó ń kó o ran èèyàn. Àpò tí wọ́n ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ lásán, ilé oúnjẹ eku ni.

Iṣu yín kò yẹ kó bàjẹ́ rárá, àfi bí ó bá ti ní ọgbẹ́ tàbí bí ẹ bá tò ó sórí sìmẹ́ńtì. Ní oṣù Kẹta, iṣu ọdún tó kọjá ni gbogbo wa ń jẹ, ó ti sùn tó, ó ti fẹ́ máa hù. Ẹ tò ó sórí pákó, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbà kọjá, ẹ máa ṣẹ́ ojú tó bá ń hù ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun ló ń fa oúnjẹ inú rẹ̀. Ẹ má gbé odidi iṣu sínú fíríìjì, òtútù ń pa á láti inú.

Ẹja ni ibi tí orúkọ ti tan yín. Ẹja yíyan tó ṣì rọ̀, tí ọwọ́ ń tẹ̀ wọlé, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni tirẹ̀. Ẹja gbígbẹ ni èyí tó le bí igi, tó ń dún kòkò bí ẹ bá fi lu tábìlì, ìyẹn ló ń tó oṣù méjì. Ọlọ́jà kan náà ló ń tà wọ́n, atẹ kan náà ni wọ́n wà, owó wọn kò sì jọra. Bí ẹ bá ti ra èyí tó rọ̀, ẹ tún un yan lórí èédú tí kò ní ọwọ́ iná fún wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún, kí ẹ máa yí i padà, títí egungun rẹ̀ á fi máa ṣẹ́ pẹ́ẹ́. Ẹ má dì í sínú ọ̀rá, inú apẹ̀rẹ̀ tàbí bébà ló yẹ ẹ́.

Búrẹ́dì kò ní oògùn. Ọjọ́ mẹ́rin, kó bu. Fíríìjì ń mú kó tètè le ju ìta lọ. Fíríìsà nìkan ló ń dá a dúró, bí ẹ bá ti gé e kí ẹ tó gbé e sí i.

Ó wá kù sí fíríìsà bàálé yín. Fíríìsà onídérí òkè tó kún dáadáa, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí, lè mú òtútù dúró fún bíi wákàtí 48 lẹ́yìn tí iná bá ti lọ. Èyí tó kún dé ìdajì kò ju bíi 24 lọ. Èyí ni fíríìsà ńlá fi ń tan èèyàn: bó bá ti tóbi ju ẹrù inú rẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ ló kún un, afẹ́fẹ́ kì í sì í mú òtútù dúró. Bí ẹ bá rà á, ẹ fi ìgò omi dí gbogbo àyè tó ṣófo. Ẹ tún di ife omi kan sínú rẹ̀, bó bá ti di yìnyín, ẹ fi owó ẹyọ kan lé e lórí. Ọjọ́ tí ẹ bá rí owó ẹyọ náà nísàlẹ̀ ife, ẹran yín ti yọ́, ó sì ti tún dì nígbà tí ẹ kò mọ̀. Bí iná kò bá ju wákàtí mẹ́rin lọ lójúmọ́ ládùúgbò yín, owó epo jẹnẹrétọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ ju owó ẹran tó ń tọ́jú lọ, ní irú àsìkò kónílé-ó-gbélé tó jẹ́ pé àtiráyè jáde lọ ra epo pàápàá jẹ́ ìjọ̀gbọ̀n. Bí iná yín bá dáa díẹ̀, kékeré tó ń kún sàn ju ńlá tó ṣófo lọ.

Mo mọ̀ pé gbogbo èyí gba owó lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń fi owó oojọ́ jẹun kò lè ra oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì, ìmọ̀ràn nípa kẹ́ẹ̀gì kò sì yí ìyẹn padà. Ohun tó ṣeé ṣe fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ni kí ilé mẹ́ta mẹ́rin dá owó jọ ra àpò ẹ̀wà tàbí gaàrí kan, kí wọ́n fi kóńgò kan náà pín in. Ó dín owó kù, kò sì sí ẹni tó máa tọ́jú ju ohun tó lè jẹ lọ.

Bí mo bá fẹ́ tún ọjà yín yẹn rà pẹ̀lú owó kan náà, ìdajì apẹ̀rẹ̀ tòmátò ni mo máa rà, kí ẹ sè é tán lọ́jọ́ kan. Ìdì ẹ̀fọ́ méjì, àti ìdìpọ̀ èso tẹ̀tẹ̀ kan. Iṣu mẹ́wàá yẹn dára. Ẹ̀wà náà dára, kó gba ojú oòrùn kọjá. Ṣọ̀ǹbọ̀ gbígbẹ, òrúnlá, àlùbọ́sà tó pọ̀, ẹja gbígbẹ dípò yíyan. Ẹ̀fọ́ tútù ni ẹ máa jẹ lọ́jọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ata sísè tẹ̀ lé e, iṣu ní ọ̀sẹ̀ kejì, òrúnlá àti ẹ̀wà lẹ́yìn náà. Búrẹ́dì mẹ́fà yẹn, méjì tó. Láti ọjọ́ karùn-ún, ẹ máa dín àkàrà láàárọ̀. Ẹ̀wà kóńgò méje kì í ṣe kékeré.